Ẹ Má Kó Gbogbo Ọpẹ́ Fún Oòrùn Nídìí Wáìnì Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn nípa bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe wáìnì báyìí, àbúrò mi ló ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti Ìbàdàn, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo àdúgbò yín nínú pépà. Inú mi dùn gan-an, àmọ́ nígbà tí mo kà á dé ìparí ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun. Ẹni tó kọ ọ́ ní ayé tó ń gbóná ló jẹ́ kí àjàrà so ní Ìlú Ọba, pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá wọn jiyàn díẹ̀, torí Kent ni mo ń gbé láti ọdún mọ́kànlá báyìí, mo sì ti fọwọ́ ara mi já àjàrà wọn rí.

Lóòótọ́ ooru wà ńbẹ̀ o, ẹni tó bá ní kò sí, irọ́ ló ń pa. Gúúsù England ti fi bíi dígíríì kan gbóná ju bó ṣe wà nígbà tí wọ́n bí àwọn òbí wa, bẹ́ẹ̀ àjàrà kì í pọ́n tí ooru ò bá tó. Àmọ́ oòrùn kì í mú ọkọ́. Àwọn èèyàn ti ń gbin nǹkan yìí níbí tipẹ́tipẹ́, wọ́n ń gbìn ín wọ́n ń pàdánù, àwọn aládùúgbò wọn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí Ọba William ní kí wọ́n kọ ní 1086, Domesday Book, ibi tó lé ní 40 ló sọ pé ọgbà àjàrà wà. Ìgbà tó wá di 1152 ni Henry, tó padà di Ọba Henry Kejì, fẹ́ Eleanor ọmọ Aquitaine, ìyàwó ọ̀hún sì gbé Bordeaux, ìlú wáìnì ní ilẹ̀ Faransé, àti àyíká ẹ̀ wá sílé ọkọ bí ẹrù ìyàwó. Ẹ gbọ́, Bordeaux kẹ̀! Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni wáìnì ibẹ̀ fi ń wọ London bí omi, ta ló wá kù tó máa jókòó ti èyí tó ń kan lẹ́nu nínú òtútù? Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi máa parí, ká kúkú sọ pé kò sẹ́ni tó ń ṣe é tà mọ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni ẹ̀yìn Ogun Kejì, pépà yín ò sì mẹ́nu bà á rárá. Ọkùnrin kan wà ní Oxted ní Surrey, Ray Barrington Brock lorúkọ ẹ̀, oníkẹ́mísírì ni, kì í ṣe àgbẹ̀. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣiríṣi àjàrà jọ, kì í ṣe méjì kì í ṣe mẹ́ta, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú, ó ń gbìn wọ́n, ó ń ṣọ́ wọn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, èyí kú, èyí so àmọ́ kò pọ́n, èyí pọ́n àmọ́ kò ṣeé mu, ọdún lé ọdún. Lára àwọn tó yege lọ́wọ́ ẹ̀ ni Müller-Thurgau àti Seyval Blanc. Ní 1952, Major-General Sir Guy Salisbury-Jones gbin tiẹ̀ sí Hambledon ní Hampshire, ìyẹn abúlé tí àwọn olólùfẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì mọ̀ dáadáa, òun ni wọ́n sì máa ń kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó gbin àjàrà láti fi ṣe wáìnì tà níbí láyé òde òní. 1952 o. Ooru wo ló wà nígbà yẹn?

Mi ò ní parọ́, púpọ̀ nínú wáìnì ìgbà yẹn ò dá nǹkan kan. Àjàrà tí àwọn Jámánì pò mọ́ra wọn kó lè tètè pọ́n nínú òtútù ni wọ́n gbára lé, ọtí funfun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń kan. Bó ṣe wà náà nìyẹn títí tọkọtaya kan fi dé láti Chicago, Stuart àti Sandy Moss. Wọ́n ra ilẹ̀ kan ní West Sussex tó ń jẹ́ Nyetimber, nígbà tó sì di 1988 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irú mẹ́ta tí àwọn Faransé fi ń ṣe ṣàmpéènì, Chardonnay, Pinot Noir àti Pinot Meunier. Wọn ò ṣe wáìnì rí láyé wọn. Wọ́n ní àwọn tó mọ̀ nípa oko gbà wọ́n níyànjú pé ápù ni kí wọ́n gbìn. Wọn ò dá wọn lóhùn. Ọtí tí wọ́n fi èso ọdún 1992 ṣe gba góòlù ní 1997 níbi ìdíje International Wine and Spirit Competition, ìgbà yẹn lojú wá là.

Kí ni wọ́n rí tí àwọn tó kù ò rí? Mo rò pé ohun tí wọ́n rí ni pé kíkan yẹn gan-an lọrọ̀ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé mi. Oṣù Kẹwàá kan ni, lẹ́bàá Maidstone, mo gbàṣẹ́ jíjá àjàrà fún ọ̀sẹ̀ méjì torí mo ń wá owó kún owó. Wọ́n fún wa ní sísọ́ọ̀sì kékeré àti kéréètì, o máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, ṣúgà àjàrà á lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ títí ìka ò fi ní fẹ́ là mọ́, agbọ́n á máa fò yí ẹ ká. Mo sọ Chardonnay kan sẹ́nu, ojú mi fún pọ̀ bí ẹni tó la ọsàn wẹ́wẹ́. Obìnrin tó ń darí wa bú sẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn, pé tó bá dùn jù, ọtí tó ń hó ò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ò rí i pé òtútù tó ba wáìnì àwọn ará ìṣáájú jẹ́ ló ń tún tàwọn yìí ṣe? Àwọn kan tún máa ń ní torí ilẹ̀ ẹfun ni, pé ẹfun tó wà lábẹ́ Champagne, agbègbè tí ṣàmpéènì ti ń wá ní ilẹ̀ Faransé, gba abẹ́ òkun kọjá wá sí Sussex àti Kent. Òótọ́ ni, àmọ́ kí wọ́n má sọ ọ́ dàṣejù, ilẹ̀ Nyetimber fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ yanrìn ni.

Iṣẹ́ tó wà nídìí híhó yẹn náà kì í ṣe kékeré. Emu tiwa, ẹlẹ́mu ò tíì gbé e dé ilé tó ti ń hó, kò bẹ ẹnikẹ́ni, tó bá sì fi máa di ọjọ́ kejì ó ti kan. Tiwọn, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe wáìnì lásán, wọ́n á rọ ọ́ sígò, wọ́n á fi ṣúgà àti yíìsì díẹ̀ sí i, wọ́n á dé e pa. Yíìsì á máa jẹ ṣúgà, gáàsì ò ríbi lọ, agbára tó máa wà nínú ìgò yẹn ju ti inú táyà mọ́tò lọ ní ìlọ́po méjì ó kéré tán. Ó máa ń lò tó ọdún méjì, mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n á wá dorí ẹ̀ kodò díẹ̀díẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè lọ síbi ẹnu, wọ́n á mú ọrùn ìgò di yìnyín, wọ́n á ṣí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ta jáde pàá.

Ìgò tó lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 1615 Ọba James ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi igi dáná gíláàsì mọ́, torí igi ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n bá bọ́ sórí èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, iná yẹn gbóná ju ti igi lọ, gíláàsì sì le sí i. Ní 1662 dókítà kan tó ń jẹ́ Christopher Merret ti sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society ní London pé àwọn oníwáìnì ń fi ṣúgà sí wáìnì kó lè máa hó. Dom Pérignon, mọ́ńkì Faransé tí gbogbo ayé ń pariwo pé òun ló kọ́kọ́ ṣe ṣàmpéènì, 1668 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé àwọn mọ́ńkì ní Hautvillers. Mi ò ní àwọn Faransé jí i o, kí wọ́n má wá mú mi.

Ká padà sórí oòrùn. Tó bá jẹ́ ooru ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, kí ló dé tí Nyetimber ò ṣe wáìnì kankan rárá ní 2012? Òjò àti òtútù ọdún yẹn ni, wọ́n ní èso tó so ò dáa tó orúkọ àwọn, wọ́n fi gbogbo ọdún kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2023 ìkórè lé ní 20 mílíọ̀nù ìgò, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, nígbà tó di 2024 ó tún já wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ooru yẹn náà tún ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ó ń jẹ́ kí àjàrà tètè rúwé, kí òtútù oṣù Kẹrin tó dé bá a lójijì. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́, aago mẹ́rin ìdájí, mo rí iná lórí òkè lọ́nà Rochester, iná wẹ́wẹ́ ní ìlà ní ìlà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo ní ṣé àwọn oyinbo náà ti ń ṣe vigil ni? Àṣé àbẹ́là ńláńlá ni, tó wà nínú páànù, wọ́n tàn án sáàárín ebè kí ọ̀mùnú má bàa kú. Àwọn èèyàn ń rìn kiri láàárín ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òtútù, wọ́n ń tún iná tàn bó ṣe ń kú.

Lónìí ọgbà àjàrà tó wà ní Britain ti lé ní 1,000, ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ti lé ní 4,000 hẹ́kítà. Ní 2018 Cherie Spriggs ti Nyetimber ni wọ́n mú bí ẹni tó mọ wáìnì tó ń hó ṣe jù lágbàáyé níbi ìdíje International Wine Challenge, obìnrin àkọ́kọ́, òun náà sì lẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ará Champagne tó gbà á. Kódà Taittinger, iléeṣẹ́ ṣàmpéènì ńlá yẹn, ra ilẹ̀ ní Chilham níbí ní 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ní 2017. Ẹ mọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀? Ápù ni.

Ó ku ẹyọ kan, èyí sì ni mo torí ẹ̀ mú bírò gan-an. Pépà yín ń pè é ní “wáìnì Britain” látòkè délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Níbí, tí wọ́n bá kọ “English wine” sára ìgò, àjàrà tó hù ní England ni wọ́n fi ṣe é. Tó bá jẹ́ “British wine” lẹ rí, omi àjàrà tí wọ́n sè ki láti òkè òkun ni, wọ́n kàn bu omi lù ú níbí, wọ́n fi yíìsì sí i. Owó wọn ò sì jọra, ti England tó ń hó máa ń tó nǹkan bí 30 pọ́ùn ìgò kan.

Ojú mi ti rí i. Nígbà tí ọkọ mi pé 50 mo lọ ra páálí méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó pọ́ọ́kú, mo rò pé mo ti ṣorí ire. Mo ní kí MC kéde ẹ̀ ní họ́ọ̀lù pé wáìnì àdúgbò wa nìyí o, ẹ̀yin ará Kent, ilẹ̀ tá à ń gbé ló mú un jáde! Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́, bàbá oyinbo kan jẹ́jẹ́, gbé ìgò, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú, ó fi dígí sójú, ó kà á, ó rọra gbé e padà sórí tábìlì, ó ní ṣé òun lè rí Máltínà. Ìgò mẹ́ta ṣì wà lábẹ́ síńkì mi títí dòní.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Táyọ̀,
Chatham, Kent.