Gọ́ọ̀mù kì í ṣe oògùn síìlì tó ń jò lẹ́sẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn apẹja ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì wa ṣe ní Èkìtì sọ̀rọ̀ lórí síìlì, òrùka rọ́bà tó ń dí ojú ibi tí irin tó ń yí ti jáde lẹ́sẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ohun kan tó ti ná mi lówó gan-an, tó sì kan ẹni tí kò ní ọkọ̀ rárá, nítorí pé dáàmù tí à ń pẹja lórí rẹ̀ ní Ìkún-Èkìtì, omi mímu ni wọ́n torí rẹ̀ sé odò náà.

Ilẹ̀ olókè ni gbogbo ayé mọ Èkìtì sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orí ọ̀kadà àti ọkọ̀ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì wa ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Lára ọkọ̀ ilẹ̀, iṣẹ́ tí síìlì ń ṣe ni pé kí ọ́ìlì má jáde. Ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ dí ọ́ìlì mọ́lé, kí ó sì dí omi mọ́ta. Omi tó ń wọlé yìí ló ń pa ẹ́ńjìnnì, òun sì ni ojú kì í tètè rí.

Ẹ́ńjìnnì mi jẹ́ alágbára ẹṣin 15, irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo dé etí omi, mo bá epo aláwọ̀ òṣùmàrè tó ti tàn yí ìdí ọkọ̀ mi ká. Ẹni tó bá ń lo irú ẹ́ńjìnnì yìí mọ̀ pé èéfín rẹ̀ tó ń gba inú omi jáde máa ń fi epo díẹ̀ sílẹ̀ lójú omi bí a bá ń wà á, nítorí náà kì í ṣe gbogbo epo tó bá léfòó ni síìlì fà. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti pa ẹ́ńjìnnì náà. Epo tó bá jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sùn, inú ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí gíà wà ló sábà máa ń ti wá. Mo tú sukúrù ìsàlẹ̀ tí à ń gbà fa ọ́ìlì gíà dànù. Omi ló kọ́kọ́ ṣàn jáde, tó bíi ṣíbí kan, kí ọ́ìlì tó tẹ̀lé e, ọ́ìlì ọ̀hún sì ti rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè mọ iṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ dáadáa, n kò ní torí èyí bú u. Ó nu ẹ̀yìn síìlì, ó kun gọ́ọ̀mù yí i ká, ó ní kí n máa fi ọ́ìlì kún un ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rọ ọ́ìlì bí ẹni ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, bí mo bá ti kó o sí gíà, á máa han bí ajá tí ebi ń pa. Béárìn inú rẹ̀ ti dípẹtà. Owó béárìn náà nìkan ju owó síìlì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Bàbá kan, ọmọ Ìlàjẹ tó dàgbà sórí omi, ló gbà mí. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ ọ́ìlì tí mo ń ròyìn fún un. Ó tú pùròpẹ́là kúrò, ó na ìka sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ okùn náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín tó ti wé mọ́ ṣáfútì, irin tó ń yí pùròpẹ́là. Okùn náà ti yọ́ nítorí ooru, ó sì ti gé wọ inú ètè síìlì, etí rọ́bà rẹ̀ tó ń fara kan ṣáfútì, bí abẹ. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Àwọ̀n rẹ rèé o. Ìwọ lo fi àwọ̀n mú ẹ́ńjìnnì ara rẹ.” Láti ọjọ́ náà, ìgbàkúùgbà tí pùròpẹ́là mi bá gun àwọ̀n, n kì í kàn gé èyí tí mo rí níta kí n sì máa lọ, mo máa ń tú u wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Mo fẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì fetí sí ohun tí Bàbá yìí ṣe lẹ́yìn èyí. Kí ó tó fọwọ́ kan síìlì tuntun, ó nu ṣáfútì náà mọ́, ó fi èékánná àtàǹpàkò wọ́ ọ lórí ní gígùn, èékánná náà sì há síbi tí ètè síìlì àtijọ́ ti ń ha irin láti ọjọ́ pípẹ́. Bí èékánná bá ti há, síìlì tuntun tí a bá fi síbẹ̀ yóò jò, bó ti wù kí ó wọ́n tó. Nínú kí a pààrọ̀ ṣáfútì, tàbí kí a wọ awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un, tàbí kí a jẹ́ kí síìlì jókòó síwájú díẹ̀ tàbí sẹ́yìn díẹ̀ bí ilé rẹ̀ bá gbà á, a gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Èyí tó gbẹ̀yìn ni a ṣe fún tèmi.

Nọ́ńbà tó wà lára síìlì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí a bá kọ 30-45-8 sí i, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30, fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì jẹ́ 45, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 8. Èyí ló mú kí síìlì ọ̀kadà lè ṣe déédéé nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n sípíríngì tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irin lásán, omi yóò sì jẹ ẹ́. Ti ọkọ̀ ojú omi jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Mo ránṣẹ́ sí Èkó kí n tó rí tèmi. Bákan náà, kí a tó fa síìlì àtijọ́ yọ, ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ètè rẹ̀ kọjú sí, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti to méjì pọ̀, kí a sì to tuntun bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Gíríìsì ni kí a fi pa ètè rẹ̀. Kí a má sì fi òòlù lù ú ní tààrà; ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá etí rẹ̀ mu, kí ẹ fi tì í wọlé bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀.

Kí a tó rọ ọ́ìlì, ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tó ní gééjì fẹ́ atẹ́gùn tí kò ju psi 10 lọ (psi ni ìwọ̀n agbára atẹ́gùn) sínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ rì í sínú agbada omi, kí ẹ sì máa fọwọ́ yí ṣáfútì bí ẹ ti ń wò ó. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ó ti ń jò. Ó lè má tilẹ̀ jẹ́ síìlì ìdí pùròpẹ́là. Ó lè jẹ́ èyí tó wà lábẹ́ pọ́ǹpù omi, ó sì lè jẹ́ wáṣà kékeré ìdí sukúrù ọ́ìlì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí a kì í sì í pààrọ̀ rí. Ọ́ìlì gíà 90 ni kí a rọ, láti ihò ìsàlẹ̀ títí yóò fi yọ ní ti òkè, kí a kọ́kọ́ dé ti òkè kí a tó yọ ìgò ọ́ìlì kúrò nísàlẹ̀. Wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni kí a máa fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ó ku ọ́ìlì àlòkù tí à ń fà dànù. Mo ti rí àwọn tó ń dà á sẹ́bàá omi níbi tí òjò yóò ti gbá a wọnú dáàmù, omi tí àwọn ọmọ wa yóò mu. Mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì kan sí abẹ́ igi níbi tí mo ń so ọkọ̀ mi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ da tirẹ̀ sí i kò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Apẹja kan, Ìkún-Èkìtì