Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ gbé àsíá Rọ́ṣíà ní Kano

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 tí àwọn tó ń ṣe ìwọ́de nítorí ebi ti gbé àsíá Rọ́ṣíà kiri ìgboro Kano, Kaduna àti Katsina, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wà lára wọn. Mo rí aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, òwú ṣì ń yọ létí rẹ̀, télọ̀ sì ti dorí rẹ̀ kodò, ó fi pupa sókè, ó fi funfun sísàlẹ̀. Mo bi í pé kí ni Rọ́ṣíà ṣèlérí fún wa, kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin náà, níbo ni ìwé ìlérí náà wà? Finland, tí ààlà òun àti Rọ́ṣíà lé ní kìlómítà 1,300, takété sí NATO, ẹgbẹ́ ìgbèjà ara ẹni tí Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù wà nínú rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine ní 2022 ni wọ́n tó tọrọ àyè, wọ́n sì wọlé ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Sweden dúró di oṣù kẹta ọdún 2024, nítorí pé Tọ́kì àti Hungary kò tètè fọwọ́ sí i. Abala karùn-ún ìwé NATO sì nìyẹn, tó ní ẹni tó bá kọlu ọ̀kan kọlu gbogbo wọn, síbẹ̀ tó fi sílẹ̀ fún oníkálukú láti ṣe ohun tó bá rí pé ó yẹ. Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ gan-an ṣì ní láti fara balẹ̀ kà á.

Mo wà ní ilé-ìwé girama ní Ìbàdàn ní 1960, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì lọ bá àwọn aṣòfin l'Ékòó nítorí àdéhùn ààbò tí ìjọba bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. A kéré, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú: ogun ta ni wọn yóò fi wá jà? Ní 1962, ìjọba fagi lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ebi ló fà á. Ebi ń pa èmi náà! Mali, Burkina Faso àti Niger, àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n sún mọ́ Rọ́ṣíà, bọwọ́ lu àdéhùn Liptako-Gourma ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, pé àwọn yóò gbèjà ara wọn. Rọ́ṣíà kò sí nínú àwọn tó bọwọ́ lù ú. Oṣù tó ṣáájú ìwọ́de yín ni wọ́n pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Mali àti àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní Tinzaouaten, ní àríwá Mali. Bí Amẹ́ríkà bá gbé àsíá tirẹ̀ dé lọ́la, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi í.

Ní 2023, nígbà tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi ogun halẹ̀ mọ́ Niger nítorí pé ológun gbàjọba níbẹ̀, tí ọjà sì dá ní Jibia létí ààlà, àwọn aṣòfin wa ní Àbújá kò fọwọ́ sí kíkó ọmọ ogun lọ, ẹ̀yin náà sì pariwo, ẹ ṣe dáadáa. Àdéhùn ìgbèjà tí ECOWAS ṣe ní 1981 ṣì wà nílẹ̀, àwa fúnra wa wà lára àwọn tó ṣe é. Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá kà.

Èmi ni bàbá yín, Sabon Gari, Kano.