Lẹ́tà sí Àkàndé lórí aago inú fọ́tò

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Ọjọ́ Ẹtì

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi,

Mo ti wo fọ́tò máràárùn-ún tó o fi ránṣẹ́. Mo sì ti di aago náà mú lọ́wọ́ ara mi. Ká ní wọn ò sọ fún mi pé òun ni, mi ò bá kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa, kí n béèrè ìyàwó àtàwọn ọmọ, kí n bi ọ́ bóyá òtútù Kánádà ti dín kù. Wàá forí jì mí. Mo mọ̀ pé aago tó o ní kí n bá ọ wò ní Dùgbẹ̀, tó o fẹ́ rà fún Bàbá rẹ, ló wà lọ́kàn rẹ. Mo fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ lálẹ́ àná, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ò jẹ́ kí èmi gan-an gbọ́ ohun tí mò ń sọ, ni mo bá ní kí n jókòó kọ lẹ́tà, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà tó o lọ sìnrú ìlú ní Sókótó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọjọ́rú ni mo lọ. Takisí Micra gbé mi láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi méjèèjì sì ti di ẹrẹ̀ kí n tó rí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló ni ín. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, kò yí ọ̀rọ̀ po. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi í ló ti dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀ríjínà o. Màsítà kọ́pì ni." Màsítà kọ́pì! Ojúlówó ayédèrú nìyẹn, bí a bá ní ká sọ ọ́ lédè wa. 65,000 náírà ló pè é. Datejust tí wọ́n wò ṣe é, tí ilé iṣẹ́ aago Rolex kọ́kọ́ gbé jáde ní 1945, owó ọ̀kan tuntun lónìí tó ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó dáa. Nítorí náà kò sẹ́ni tó tan ẹnikẹ́ni jẹ lórí orúkọ. Ohun tí ìwọ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ayédèrú náà mọ́ bó ṣe mọ́ nínú fọ́tò, àti bóyá igun tí wọ́n ti ya nǹkan lè fi àbùkù rẹ̀ pamọ́.

Ó lè fi í pamọ́. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ti bá wọn fi í pamọ́ rí.

Mi ò sọ fún ọ nígbà náà torí ojú ń tì mí. Ní èṣí tó kọjá, nígbà tí òde ìyàwó ò fi bẹ́ẹ̀ sí, ọ̀gbẹ́ni kan láti Bódìjà kó ogójì aago wá sí sítúdíò mi, ẹgbẹ̀rún kan náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo to iná, mo tẹ́ aṣọ dúdú, mo kọjú kámẹ́rà sí aago tààrà bí ẹni ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Ó ní rárá. "Ẹ dà á díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀gá fọ́tò. Ẹ jẹ́ kó dà bíi pé ẹlòmíì ló ń wò." Mo rò pé ẹwà ló ń wá. Nígbà tí mo dé orí bí ìkejìlá ni mo ṣèèṣì ya ọ̀kan tààrà, ni mo bá rí i pé adé kékeré tó wà lókè ojú aago, tó jẹ́ àmì Rolex, wọ́ sápá òsì, nọ́ńbà ọjọ́ oṣù sì fara ti etí fèrèsé rẹ̀ bí èrò tí wọ́n fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́lúè. Mo dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ pòórá. Mo tún kọjú sí i, ó padà wá.

Ohun tó fà á ò le. Iwájú lojú ti ń mọ ohun tó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tó wọ́. Bí nǹkan bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú á ti gbà pé gbogbo rẹ̀ ló fì, kò ní wá èyí tó fì jù mọ́. Jẹ́ kí télọ̀ rán àpò méjì sí ẹ̀wù rẹ kí ọ̀kan rẹlẹ̀ ju èkejì, kó o wá yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́: kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí wàá fi wọ̀ ọ́ dé òde. Fóònù tún wá dá kún un. Awò fóònù ń ríran fẹ̀. Tó o bá gbé e sún mọ́ nǹkan, apá tó wà nítòsí á wú, èyí tó jìnnà á sún kì. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi gbé fóònù sún mọ́ imú ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Aago tí wọ́n bá yà bẹ́ẹ̀, tó o bá rí i pé àmì òkè kéré ju ti ìsàlẹ̀, o ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀bi aago ni tàbí ti fóònù, ẹni tó ń tà á náà ò sì ní là ọ́ lóye.

Mo ya gbogbo ogójì náà. Mo gbowó.

Jẹ́ kí n padà sórí tìrẹ. Fọ́tò àkọ́kọ́ ló dáa jù, wọ́n kọjú sí i, kò sí ọgbọ́n igun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ọwọ́ aago náà: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìpolówó aago káàkiri ayé, torí ọwọ́ méjèèjì á ṣí sókè bí ẹni ń súre, orúkọ ilé iṣẹ́ á sì hàn láàárín wọn. Wàyí o, wo ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni, ọwọ́ tín-ín-rín tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ò sì kúrò lójú kan. Wọ́n ti fa orí rẹ̀, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń yí ọwọ́ aago, síta, ó dúró. O wo fọ́tò títí, o ò rí aago tó ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí ọmọkùnrin náà tì í wọlé. Ó tì í. Kọ́, kọ́, kọ́, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bátìrì ló wà nínú rẹ̀. Datejust gidi kì í lo bátìrì. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń ju apá ló ń fún un lágbára, ọwọ́ tín-ín-rín tòde òní sì ń fò lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, débi tí ojú á fi rò pé ṣe ló ń yọ́ lọ. Fọ́tò wo ló máa fi ìyẹn hàn ọ́? Mo wá ní kó yí i sí aago méjìlá géérégé. Ọwọ́ gígùn dé orí àmì, ọwọ́ kúkúrú ṣì kù díẹ̀ lẹ́yìn, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wọ́ lọ sílé ìwé. Ní aago mẹ́wàá kọjá, ta ni yóò fura?

Ìkẹta ni ìwọ ní ó wú ọ lórí jù, èyí tí wọ́n yà súnmọ́ ọjọ́ oṣù, tí ìlà ìmọ́lẹ̀ funfun gbọọrọ dùbúlẹ̀ sórí gíláàsì. O rò pé dídán ni. Iná ni wọ́n gbé síbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló sì ń ṣe níbẹ̀. Mo gbé aago náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti rọ̀, mo sì rí ohun tí ìlà yẹn bò: hóró eruku méjì lábẹ́ gíláàsì, àti lẹ́tà orúkọ tí etí wọn ti ràn bí íńkì tó kán sórí tísù. Igun tún bá iná ṣiṣẹ́ nínú fọ́tò yìí kan náà. Láti nǹkan bí 1953 ni Rolex ti ń lẹ awò kékeré kan mọ́ gíláàsì lókè ọjọ́ oṣù, tó ń sọ nọ́ńbà di ìlọ́po méjì ààbọ̀. Awò wà lára ti Dùgbẹ̀ náà, àmọ́ nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tóbi ju bó ṣe wà lọ. Ẹni tó yà á ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí awò náà yọ bí ìkòkò, o sì gbàgbé láti wo ohun tó wà nínú ìkòkò.

Ti ìkẹrin, èyí tó ń tàn nínú òkùnkùn, fi í sílẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì sí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó o tó yà á, kò sí èyí tí kò ní tàn. Ṣé ó ṣì ń tàn lẹ́yìn wákàtí méjì ni ká béèrè.

Ìkarùn-ún ló pa mí lẹ́rìn-ín. Bá mi ka irin ṣéènì rẹ̀ níbùú: márùn-ún ló tò síra wọn. Wá ka ti fọ́tò kejì: mẹ́ta. Kì í tilẹ̀ ṣe aago kan náà, Àkàndé! Mo fi han ọmọkùnrin náà, ó họ orí. "Bí ẹni tí à ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa nìyẹn, ẹ̀gbọ́n." Mo sì gbà á gbọ́. Kò sọ́gbọ́n kankan níbẹ̀, ó kàn gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì ni, WhatsApp sì tún ti fún un pọ̀ débi pé lẹ́tà kékeré tó ti wọ́ tẹ́lẹ̀ wá di kìkì eèrà.

Ìbàdàn lo rí, o ò rí Láyípo.

Àmọ́ má tìtorí èyí máa pe gbogbo ẹni tó bá ya aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní oníjìbìtì. Igun a máa ba ti aago tó dáa jẹ́ náà. Oníbàárà mi kan ní Ring Road fi fọ́tò aago tó fẹ́ rà hàn mí lọ́jọ́ kan, mo wò ó fìrí, mo ní nọ́ńbà ọjọ́ oṣù ò sí láàárín fèrèsé, ayédèrú ni. Obìnrin náà lọ fi ìwọ̀sí lọ ẹni tó ń tà á. A débẹ̀, a kọjú sí aago, nọ́ńbà náà wà láàárín gbágbá! Gíláàsì àti awò ló wà lókè, ọjọ́ oṣù ló wà nísàlẹ̀. Tó o bá wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan á dà bíi pé ó sún kúrò lórí èkejì. Mo bẹ ọkùnrin náà títí ẹnu mi fi gbẹ. Láti ọjọ́ náà, fọ́tò ẹ̀gbẹ́ nìkan ò lè mú mi dá aago lẹ́bi, kò sì lè mú mi dá a láre.

Mi ò san owó rẹ. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi pé pérépéré. Nígbà tí mò ń padà, mo yà sọ́dọ̀ Bàbá aláago kan tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn, tí kò jìnnà sí Ilé Kòkó, torí pé àwọn ló ń tún aago bàbá tèmi ṣe kí bàbá mi tó lọ. Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì yọ Seiko 5 àlòkù kan jáde nínú àpótí. Àkàndé, ṣé o rántí? Irú èyí tí Bàbá máa ń bọ́ lé orí tábìlì kí wọ́n tó na wa ní kíláàsì! Tí aago yẹn bá ti kan pákó báyìí, ìwọ ọmọ wọn lo máa ń kọ́kọ́ sá sábẹ́ àga.

1963 ni Seiko ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Japan. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ oṣù ló ń fi hàn, orúkọ tirẹ̀ ló sì ń jẹ́. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ti ọwọ́ Bàbá aláago yìí ni pé tó o bá fa orí rẹ̀ síta, ọwọ́ tín-ín-rín ò ní dúró, ṣe ló ń bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú mi, wọ́n há gíláàsì wọn sójú, wọ́n sì jẹ́ kí èmi náà wò ó, torí ayédèrú Seiko náà kún ìgboro, àwọn kan sì ń tún ojú ògbólógbòó rẹ̀ kùn. Wọn ò tíì kun èyí. 70,000 ni wọ́n pè é, a ná an dé 58,000.

Mo ti yà á fún ọ, bó ṣe yẹ kí n ya ogójì ìjọsí. Mo sún sẹ́yìn, mo kọjú sí i, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo lò. Mo yà á ní aago méjìlá, mo yà á ní aago mẹ́fà kí o lè rí i pé ọwọ́ méjèèjì tò gbọọrọ, mo ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí o mọ bó ṣe nípọn tó, mo ya ẹ̀yìn àti ìdè ṣéènì tó ti ha. Fídíò ogún ìṣẹ́jú àáyá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wàá rí ojú ibì kan tó ti ha lórí gíláàsì nítòsí àmì mẹ́rin. Mo mọ ibi tí mi ò bá dúró sí tí kò fi ní hàn, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí fáìlì ni mo ṣe fi wọ́n ránṣẹ́, kí WhatsApp má fún wọn pọ̀.

Tó bá jẹ́ pé Datejust Dùgbẹ̀ náà lọkàn rẹ ṣì fẹ́, fóònù mi ò kú, pè mí, màá lọ gbà á. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá fi lé Bàbá lọ́wọ́.

Bàbá aláago á bá wa tọ́jú Seiko yìí di ọjọ́ Ajé. Ṣéènì rẹ̀ gùn, wọ́n máa yọ irin méjì tàbí mẹ́ta kúrò, wọ́n sì fẹ́ mọ bí ọrùn ọwọ́ Bàbá ṣe tó. Bí èmi bá yọjú sí Apáta pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, Bàbá á ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Bá mi pe Ìyá kí wọ́n fi òwú wọ̀n ọ́n tí Bàbá bá sùn lọ́sàn-án, ọwọ́ òsì ni o, kí wọ́n sì fi òwú náà rán ọmọ kan sí mi ní sítúdíò.

Èmi ni,
Àjàní