Ṣé Títì Ni Àlejò Ń Wá Wò Ni?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà ẹnìkan nínú ìwé yín tó ní àyàfi tí wọ́n bá wó àwọn ilé àtijọ́ tó yí Màpó ká, kí wọ́n fi la títì ńlá, ni àlejò fi lè máa wá ṣe fàájì n'Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dá sí i, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àbúrò mi dé nílẹ̀ Gíríìsì ni, ibi tó sì mú mi lọ lọ́jọ́ Sátidé kan, kò sí títì mọ́tò níbẹ̀ rárá.

Hydra lorúkọ ibẹ̀, erékùṣù ni. Èbúté Piraeus lẹ́bàá Áténì la ti wọkọ̀ ojú omi, kò ju bíi wákàtí méjì lọ tá a fi débẹ̀. Oòrùn ọjọ́ yẹn mú bíi ti oṣù March níbí, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, omi ẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé ò ń rí òkúta nísàlẹ̀. Bá a ṣe bọ́ sílẹ̀, mi ò gbọ́ họ́ọ̀nù kankan. Wọn ò gba mọ́tò láyè, wọn ò gba ọ̀kadà, àfi ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí àti ti pàjáwìrì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń rẹrù! Bàbá kan so mẹ́ta mọ́ra wọn, ọ̀kan ru báàgì àlejò, ọ̀kan ru omi inú ike, ìkẹta ru sìmẹ́ńtì, ó ń dà wọ́n gun àtẹ̀gùn òkúta lọ, ṣaworo ọrùn wọn ń dún, ẹni tó bá wà lọ́nà á yáa yà fún wọn ni.

Ilé òkúta ló tò láti etí omi dókè. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ló kọ́ àwọn tó tóbi jù láyé àtijọ́, ọkọ̀ wọn yẹn náà ni wọ́n sì fi bá àwọn Tọ́kì jagun òmìnira tó bẹ̀rẹ̀ ní 1821. Òfin ò gbà kéèyàn kàn wó irú ilé bẹ́ẹ̀ lulẹ̀. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ò ju bíi 2,000 lọ, síbẹ̀ àlejò ń wọ́ wá, orí àpáta ni wọ́n ti ń bẹ́ sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbá ogun àtijọ́.

Kì í ṣe pé ibẹ̀ pé o. Kọfí tútù wọn wọ́n bí nǹkan míì, orúnkún mi ṣì ń rojọ́ àtẹ̀gùn yẹn, àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn gan ṣe mí láàánú nínú oòrùn ọ̀sán.

Àmọ́ àwa náà lókè. Gbọ̀ngàn Màpó ti wà látọdún 1929, ilé gogoro Láyípo wà l'Ókè Ààrẹ láti 1936, tó o bá gun orí ẹ̀, wàá rí páànù tó ti pọ́n lọ salalu. Tẹ́ ẹ bá wá wó àwọn agbolé yẹn tán, kí lẹ fẹ́ kí àlejò gun Láyípo wá wò, ọ̀dà? Ohun témi ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀: kí wọ́n dá takisí Micra àti ọ̀kadà dúró láàárọ̀ Sunday láti Màpó dé Òkè Ààrẹ, kí wọ́n tún gọ́tà ibẹ̀ ṣe, kí àwọn ìyá alámàlà ráyè tajà. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, tó bá fẹ́, ká jọ fẹsẹ̀ rìn ín lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, kó ṣáà wọ bàtà tó ṣeé rìn.

Èmi ni tiyín,
Ará Òkè Ààrẹ, Ìbàdàn