Tẹ̀lé owó ọjà kí o tó lọ rí alága

Àdùnní ọmọ mi,

O ní ìṣèlú ìbílẹ̀ lo fẹ́ fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ ní Àkọkà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n má kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì alága ìjọba ìbílẹ̀. Kàlẹ́ńdà tó ní fọ́tò rẹ̀ ni wọn yóò kó fún ọ.

Ọjà Òyìngbò ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Lọ kí ìyálọ́jà ná, torí bí kò bá mọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò lanu. Lẹ́yìn náà, bẹ àwọn ìyá mẹ́wàá kí wọ́n máa tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà bí wọ́n bá san owó ọjà, ti oṣù kan, fún ọ. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì náà, iye tí wọ́n kọ sí i, àti iye tí ìyá náà san gan-an. Ibi tí iye méjèèjì ò bá ti bára mu, dúró síbẹ̀ dáadáa. Kọ owó tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì náà: owó ẹgbẹ́, owó ọlọ́dẹ, owó àwọn ọmọ àdúgbò. Má tíì béèrè ẹni tó ń jẹ ẹ́ o.

Ìgbà yẹn ni kí o wá ṣí òfin. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi ọjà àti gáréèjì sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àmọ́ 20 péré ni ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin náà mọ̀ ní Èkó. Ìjọba Tinubu, nígbà tó ń ṣe gómìnà Èkó, ló dá 37 kún un ní 2003. Obasanjo tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà torí ẹ̀ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní 2004. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró, ó sì ní àwọn 37 náà ò tíì pé lábẹ́ òfin àfi bí ilé aṣòfin Àbújá bá fọwọ́ sí i. Alága wá di 57, orí 20 ni Àbújá ṣì ń ka owó sí. Ibí yìí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìṣirò: wọ́n á mú owó tí Àbújá kéde fún Lagos Mainland, ìjọba ìbílẹ̀ tí Òyìngbò wà, wọ́n á gbàgbé pé inú rẹ̀ ni Yábàá, ọ̀kan nínú àwọn 37 náà, ti ń jẹ.

Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti July 2024 ní kí owó Àbújá máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kó má gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ mọ́. Wò ó bóyá ó kan Òyìngbò rárá.

Pa orúkọ àwọn ìyá yẹn rẹ́ kí o tó fi ìwé han olùkọ́ rẹ. Ọjà náà ni wọ́n máa wà lẹ́yìn tí o bá ti gba máàkì rẹ.

Ìyá rẹ