Iṣẹ́ Ràṣídì Yẹkínì Ju Góòlù Dallas Lọ

Olóòtú Àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Nígbàkúùgbà tí oṣù Karùn-ún bá ti wọlé, tí àwọn ìwé ìròyìn wa, tiyín náà kò sì gbẹ́yìn, bá fẹ́ rántí Ràṣídì Yẹkínì, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó jáde láyé ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, ohun méjì péré ni wọ́n máa ń kọ: góòlù tó gbá sáwọ̀n Bùlùgéríà ní ìlú Dallas, àti ìbànújẹ́ tó yí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ká. Iṣẹ́ tó ṣe fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, kì í rí àyè láàárín méjèèjì. Ìyẹn ló mú mi gbé gègé.

Èmi náà kò kóyán góòlù yẹn kéré. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní òru ọjọ́ náà nínú oṣù Kẹfà ọdún 1994, nígbà tí Finidi George, akẹgbẹ́ rẹ̀, gba apá ọ̀tún sáré wọlé, tó fi bọ́ọ̀lù rá nílẹ̀ kọjá iwájú ilé, tí Yẹkínì sì kàn fi ẹsẹ̀ tì í wọlé. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Inú ilé náà ló kọrí sí, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó gbójú sókè, ó ń ké, ó ń sunkún. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún lẹni tí à ń wò yẹn, ohun tó bú jáde lẹ́nu rẹ̀ lóru ọjọ́ náà sì ti pẹ́ nínú rẹ̀.

Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL tó wà níbẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ kí Shooting Stars tó mú un wá sí Ìbàdàn ní 1982. Ó wà láàárín wọn nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá ìdíje ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984, tí Zamalek ti Íjíbítì fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Abíọ́lá Babes ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà Africa Sports ní Ivory Coast. Ó ti lo ohun tó tó ọdún mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́ kó tó tẹ ilẹ̀ Yúróòpù ní 1990. Mo fẹ́ kí àwọn òbí tó ń ta ilẹ̀ lónìí láti fi ọmọ tí kò tíì gbó lé ẹni tó pe ara rẹ̀ ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mọ èyí.

Vitória Setúbal ní Potogí ló gbà á. Sáà àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀ kò tíì parí dáadáa tí ẹgbẹ́ náà fi já sí ìpele kejì, ṣùgbọ́n Yẹkínì kò kó ẹrù rẹ̀. Ó dúró tì wọ́n títí di sáà 1992 sí 1993, nígbà tó jẹ góòlù 34, tí wọ́n sì gòkè padà. Ọdún 1993 náà ni wọ́n fi í joyè agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè náà. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, góòlù 21 ló fi ṣíwájú gbogbo atamátàsé tó wà ní líìgì àgbà Potogí.

Mo mọ̀ pé nǹkan kò rọgbọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Olympiacos ní Gíríìsì, Sporting Gijón ní Sípéènì, Setúbal lẹ́ẹ̀kan sí i, Zürich ní Switzerland, Bizerte ní Tùnísíà, Al-Shabab ní Saudi Arabia: kò sí èyí tó ti rí irú ìgbà tó rí ní Setúbal àkọ́kọ́. Nítorí èyí làwọn kan ṣe ń pè é ní alárìnkiri tí ẹgbẹ́ kankan kò lè gbà mọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹni tó dúró ti ẹgbẹ́ tó já sí ìpele kejì kì í ṣe alárìnkiri. Oníṣẹ́ ni, ibi tí iṣẹ́ bá wà ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ló tún padà sọ́dọ̀ Africa Sports, kó tó wá gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Julius Berger ní Èkó, àti fún Gateway ní Abẹ́òkúta ní 2005, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 41.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ rán àwọn akọ̀ròyìn yín jáde. Àwọn tó bá a wọ aṣọ Shooting Stars àti Abíọ́lá Babes ṣì wà láàárín wa, àwọn tó sì wà ní pápá ìṣeré nígbà tí Zamalek wá sí Èkó fún àṣekágbá 1984 náà ti ń darúgbó lọ. Kí wọ́n sọ bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù kí ayé tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Yorùbá tí òun náà ń sọ.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn