Kí O Tó Sanwó Fọ́ọ̀mù, Àkànní

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí ìpolówó ilé-ìwé tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lánàá, èyí tó ní oṣù 18 péré lòun máa fi kọ́ ọ ní criminal justice, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i, má sì rò pé ojo ìyá ló ń ṣe mí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe wọ́dà ní Texas yìí, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n san owó gọbọi fún irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fẹ́ bọ́ sí yunifásítì ìjọba, wọn ò gba kírẹ́dítì rẹ̀ kankan, ìyẹn àwọn kọ́ọ̀sì tó ti ṣe parí. Gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ dòní. Bí NUC ṣe ń yẹ yunifásítì wò nílé, àwọn àjọ wà níbí tó ń ṣe é. Bi ilé-ìwé tó polówó yẹn léèrè pé àjọ wo ló fọwọ́ sí wọn. Kó o wá pe yunifásítì tí o fẹ́ parí sí, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ó máa gba kírẹ́dítì wọn. Ta ló ń kiri ọjà tó máa ní ọjà òun ti bàjẹ́?

Iṣẹ́ wo gan-an lo tiẹ̀ fẹ́ ṣe? Lónìí lọ́yà, lọ́la FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀. Dìgírì yìí kì í sọni di lọ́yà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe lọ́yà máa lo ọdún mẹ́ta sí i ní law school, dìgírì àkọ́kọ́ yòówù ló sì lè gbé e débẹ̀. FBI ní tiwọn, ẹni tó bá máa ṣe ajẹ́nì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 23, kó sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Green card ò tó. Akáńtáǹtì àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń wá lójú méjèèjì. Iṣẹ́ probation, ìyẹn àbójútó ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ àmọ́ tí ilé ẹjọ́ kò rán lẹ́wọ̀n, ló bá dìgírì yìí mu jù, torí Texas kì í fún ẹni tí kò ní dìgírì. Ìwọ tí o máa ń jókòó ti àwọn àbúrò rẹ títí ìjà wọn á fi tán, mo rí ọ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, lo ọdún méjì ní Houston Community College, kí o máa jẹun ilé, kí o wá lọ parí ẹ̀ ní Sam Houston State ní Huntsville. Ìlú ẹ̀wọ̀n nìlú náà. Ọgbà tí wọ́n ń pè ní Walls, tó ti wà láti 1849, kò jìnnà sí yunifásítì, ibẹ̀ náà nìjọba ti ń pa àwọn tí ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún. Mo ti rí àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń rìn lọ sí ibùdókọ̀ tàwọn ti ẹrù wọn nínú àpò, tí òmíràn ò mọ ibi tó ń lọ.

Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Jí ní kùtùkùtù, ká jọ gba I-45 lọ síbẹ̀ kó o fojú ara rẹ rí i. Máìlì 70 ni. Má sanwó fọ́ọ̀mù kankan títí a ó fi dé.

Èmi ni ìyá rẹ.